Ohun tí Ìròyìn Mọ̀ tí Bàbá Àga Kò Mọ̀

Bàbá Àga gbà pé kò sí ohun tí ènìyàn lè máa rò nínú tí òun ò ní mọ̀, bí onítọ̀hún bá ti lè fìdí kan àga níwájú òun. Iṣẹ́ àga ló ń ṣe láti kékeré. Kì í ṣe pé ó ń gbẹ́gi o. Àga tó ti gbó, tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti tẹ́ pẹẹrẹ, tí aṣọ ara rẹ̀ ti ya, ni wọ́n ń gbé wá fún un. Òun ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò ki fọ́ọ̀mù tuntun bọ̀ ọ́, tí yóò fi aṣọ tuntun bò ó, tí yóò sì máa kan ìṣó sí etí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí àga náà yóò fi máa dán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ó ní ẹni tó bá ti rí oríṣiríṣi ìdí lórí àga fún ọdún gbọọrọ tó báyìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni la ẹnu kó tó mọ èrò wọn.

“Ẹni tó bá jókòó sí etí àga fẹ́ lọ, ojú ló ń tì í,” ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. “Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì pátápátá fẹ́ kí n bá òun ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá sì ń fọwọ́ pa apá àga, irọ́ ló fẹ́ pa.”

Ìyàwó rẹ̀ ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe nọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì, Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò sì ṣì ń pè é. Yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ tán, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó kúkú wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ lé oníbàárà kan jáde pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló wá bẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé oorun ló gbé ọkùnrin náà lọ.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn títí ọmọ wọn obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ rẹ̀ wá sílé wọn láràárọ̀. Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni ọmọ wọn yìí ń bá ṣiṣẹ́, wọn a sì ti wọṣẹ́ kí ojú ọjọ́ tó là dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, bó bá lọ báyìí, ó di oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó tún fojú kàn án. Ọmọ náà, ọmọbìnrin kékeré tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, wá di èrò ṣọ́ọ̀bù. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù náà, ilé ìdáná sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, tó fi jẹ́ pé ohun tí Nọ́ọ̀sì bá ń dín ni òórùn rẹ̀ ń wọ inú fọ́ọ̀mù gbogbo oníbàárà.

Ọmọ yìí fẹ́ràn kí wọ́n máa wá òun. Yóò mú àkísà aṣọ àga kan, yóò fi bo orí àti ojú rẹ̀, yóò wá jókòó sí gbangba àárín ilé pẹ̀lú ikùn rẹ̀ níta àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbalaja.

“Bàbá, ẹ wá mi.”

Bàbá Àga yóò gbé òòlù sílẹ̀. Yóò wo abẹ́ tábìlì, yóò wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, yóò ṣí agolo gọ́ọ̀mù wò, yóò máa ráhùn pé àwọn ajọ́mọgbé ti gbé ọmọ òun lọ.

“Mo wà níbí, Bàbá,” ohùn kan yóò ti abẹ́ aṣọ dáhùn. “Ẹ ò lè rí mi.”

Bí ìyá rẹ̀ bá pè lórí fóònù láti ibi iṣẹ́, tó bi í bóyá ó ti jẹun, ọmọ náà yóò mi orí. Ìyá rẹ̀ yóò ní, “Ṣé o ń gbọ́ mi?” Yóò tún mi orí kíkankíkan, inú á ti máa bí i pé Mọ́mì ò rí nǹkan. Nígbà mìíràn yóò gbé ẹsẹ̀ sókè sí fóònù pé, “Mọ́mì, ẹ wo bàtà mi.” Bàbá Àga a rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí oníbàárà tó wọlé nígbà náà tí kò gbọ́ ìtàn bàtà yìí.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá kan òun gan-an ni ẹ̀rín náà dín kù.

Dókítà ti sọ fún un pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, Nọ́ọ̀sì sì ti kó gbogbo ohun dídùn kúrò nílé bí ẹni tí ọlọ́pàá rán níṣẹ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Àga kò lè kan ìṣó láìsí nǹkan dídùn lẹ́nu. Àga dúdú kan wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí ẹni tó ni ín ti kó kúrò ládùúgbò tí kò sì padà wá mú un. Abẹ́ apá rẹ̀ ti já díẹ̀, ojú ibẹ̀ ni Bàbá Àga sì ki bísíkíìtì oníkírímù bọ̀. Ọmọ náà dúró tì í, ó ń wò ó. Bàbá fún un ní àbọ̀ ọ̀kan kí ẹnu rẹ̀ lè dí. Ẹnu rẹ̀ dí lóòótọ́, títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì gbé oúnjẹ ọ̀sán wọlé, ọmọ náà wojú rẹ̀, ó ní, “Màmá, bísíkíìtì inú àga dúdú dùn gan-an.”

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe òfófó. Ó kàn sọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ pé òjò ń rọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì gbé àwo sílẹ̀, ó lọ síbi àga náà, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó sì fa ọ̀rá bísíkíìtì jáde jẹ́jẹ́.

“Ta ló gbé èyí síbẹ̀?”

“Ó lè jẹ́ eku,” ni Bàbá Àga wí.

“Eku tó mọ bí wọ́n ṣe ń ká ẹnu ọ̀rá,” ni Nọ́ọ̀sì wí, ó sì mú un lọ.

Nígbà tó jáde tán, Bàbá Àga gbé ọmọ náà lé orí tìmùtìmù, ó sì bá a sọ̀rọ̀ bí àgbà ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí àwọn méjèèjì bá ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù, ti àwọn méjèèjì ni, kó má sọ fún Màmá. Ọmọ náà ní òun gbọ́. Ó ní òun ò ní sọ. Bàbá Àga wá mú bísíkíìtì mìíràn tó wà lápò rẹ̀, ó fi í pamọ́ sínú ọ̀rá fọ́ọ̀mù. Kò pẹ́ rárá tó fi gbọ́ ohùn ọmọ náà láti ilé ìdáná, tó ń dún bí agogo.

“Màmá, Bàbá ní kí n má sọ fún yín pé bísíkíìtì wà nínú ọ̀rá fọ́ọ̀mù.”

Ọjọ́ yẹn ni Bàbá Àga sọ ọ́ ní Ìròyìn. Ó ní èyí kì í ṣe ọmọ, ìròyìn ni, nǹkan kì í tíì ṣẹlẹ̀ tán tó ti máa ń jáde. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé ìyá rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì nìkan kọ́ ni Ìròyìn tú àṣírí Bàbá Àga fún. Obìnrin kan wà ní òpópónà yẹn tó ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, Ọ̀gá ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ti gbé àga ọ́fíìsì rẹ̀ wá ó ti pẹ́, ó sì wọlé lọ́jọ́ kan láti béèrè rẹ̀.

“Ó ti parí, Ọ̀gá,” ni Bàbá Àga wí. “Gọ́ọ̀mù ni mo ń dúró kó gbẹ.”

Ìròyìn gbójú sókè láti ibi tó ti ń ṣa òwú. “Bàbá, àga wo? Ṣé èyí tí ẹ gbé àwo yín lé lórí yẹn?”

Gbogbo wọn yíjú síbẹ̀. Àga Ọ̀gá ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àtijọ́ rẹ̀ lára, tí àwo oúnjẹ òwúrọ̀ wà lórí rẹ̀ àti ṣíbí kan. Bàbá Àga bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan kan nípa gọ́ọ̀mù, ó sì dáwọ́ dúró. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní tí ọmọ yìí bá dàgbà sí i, kí wọ́n mú un wá síléèwé òun, pé òun fẹ́ràn irú wọn. Lẹ́yìn náà ló gbé ṣíbí náà lé Bàbá Àga lọ́wọ́, ó sì lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá Àga. Nígbà tí òun àti Nọ́ọ̀sì jẹun tán, ó ní ó dá òun lójú pé ọmọ yìí ti gba ẹ̀yìn ìyá àgbà rẹ̀, pé ṣe ni wọ́n jọ ń ṣọ́ òun.

“Ẹ gbà mí,” ni Nọ́ọ̀sì wí. “Ta ló ń ṣọ́ yín? Ọmọ yìí rò pé ohun tí òun bá ti mọ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tó ń sọ ti bísíkíìtì fún mi, lójú tirẹ̀, èmi náà kúkú ti mọ̀. Ó kàn ń bá mi tàkúrọ̀sọ ni.”

“Ta ni kò mọ̀ pé ohun tó wà nínú ẹnìkan kọ́ ló wà nínú ẹlòmíràn?”

“Òun,” ni Nọ́ọ̀sì wí. “Kò tíì dé ibẹ̀.”

Bàbá Àga kò gbà. Ní ọjọ́ kejì, ó mú agolo kan tí wọ́n ya àwòrán bísíkíìtì sí lára, tó ti ń kó ìṣó sí láti ìgbà pípẹ́. Ó pe Ìròyìn.

“Kí ló wà nínú agolo yìí?”

Ojú Ìròyìn tàn. “Bísíkíìtì.”

Ó ṣí i. Ìṣó ló kún inú rẹ̀. Ìròyìn wò ó, ó wo abẹ́ ìdérí pẹ̀lú, ó sì fajú ro. Bàbá Àga dé agolo náà padà.

“Ó dáa. Màmá ò tíì rí inú agolo yìí rí. Tí Màmá bá wọlé báyìí, tí mo bi í pé kí ló wà níbẹ̀, kí ni Màmá máa sọ?”

“Ìṣó.”

“Mo ní Màmá ò tíì rí inú ẹ̀.”

“Ìṣó ló wà níbẹ̀, Bàbá.”

“Èmi náà mọ̀ pé ìṣó ni. Màmá ńkọ́?”

Ìròyìn wò ó tìyanu-tìyanu. “Ìṣó ni. Ṣé kí n tún ṣí i fún yín kí ẹ wò ó?”

Bàbá Àga mí kanlẹ̀. Ó gba ọ̀nà mìíràn yọ. “Ìwọ ńkọ́? Kí n tó ṣí i, kí lo kọ́kọ́ sọ pé ó wà níbẹ̀?”

“Ìṣó.”

“O sọ pé bísíkíìtì.”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ pé ìṣó.”

“Ìròyìn, ẹnu yìí lo fi sọ bísíkíìtì.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ bísíkíìtì.”

Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, tí ohùn Bàbá Àga ti ń lọ sókè, tí Ìròyìn náà ti fọwọ́ mú ìbàdí, ni Nọ́ọ̀sì bá wọn. Ó béèrè ohun tó fa ìjà. Bàbá Àga rò ó fún un látòkèdélẹ̀, Nọ́ọ̀sì sì ní láti di ilẹ̀kùn mú kó tó rẹ́rìn-ín tán.

“Òun rò pé mo mọ ohun tí òun mọ̀,” ó wí. “Ẹ̀yin náà rò pé ó mọ ohun tí ẹ mọ̀. Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi síléèwé?”

Bàbá Àga mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó síbi tí kò nílò ìṣó.

Kò jáwọ́ o. Látìgbàdégbà ni yóò gbé agolo náà jáde, tí yóò tún bi í nípa ẹni tí kò tíì rí inú rẹ̀, bóyá ìyá rẹ̀ ni, bóyá awakọ̀ tó ń gbé fọ́ọ̀mù wá. Ìṣó ni Ìròyìn ń dáhùn. Nígbà tó yá, àánú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ó ń rọra dáhùn bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Bàbá Àga fi agolo sílẹ̀. Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé-ìwé Ọ̀gá láàárọ̀, á sì padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Ó ti pé ọdún mẹ́rin, ó ti lé díẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òwú tán. Bàbá Àga jáde lọ rà á. Ó ti rí súwíìtì kan rà nígbà náà, ó kó o sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì dá a lójú pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni Nọ́ọ̀sì wọlé, ó fa dúrọ́ọ̀ yọ bí ẹni tó mọ ọ̀nà, ó kó súwíìtì náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, sẹ́yìn ìdì fọ́ọ̀mù, ó sì fi kárọ́ọ̀tì kan, èyí tó tọ́ gbọọrọ, dípò rẹ̀. Ìròyìn jókòó sórí tìmùtìmù, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń wò ó. Nọ́ọ̀sì kò sọ nǹkan kan fún un. Ó padà sílé ìdáná.

Bàbá Àga dé. Ó gbé òwú kalẹ̀, ó jókòó, ó mú òòlù, ó gbé e sílẹ̀. Ó wo ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì fi ọ̀fun rẹ̀ ṣe bí ẹni tó ń wúkọ́. Ìròyìn mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé ikọ́ náà. Ó wo dúrọ́ọ̀. Ó wo orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wá wo bàbá àgbà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí kò rí i rí. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, àmọ́ ẹ̀rín ti ń yọ gba àárín ìka rẹ̀.

“Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?”

“Kò sí nǹkan kan, Bàbá.”

Bàbá Àga fa dúrọ́ọ̀, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fa kárọ́ọ̀tì jáde. Ìròyìn ṣubú lórí tìmùtìmù. Ó yí gbirigbiri nílẹ̀ láàárín àwọn gígé aṣọ, ó ń pariwo ẹ̀rín, Nọ́ọ̀sì náà sì ń bá a rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun.

Bàbá Àga jókòó, kárọ́ọ̀tì lọ́wọ́. Inú ti fẹ́ máa bí i kí nǹkan kan tó sọ sí i lọ́kàn. Ọmọ yìí ti rẹ́rìn-ín kí òun tó ṣí dúrọ́ọ̀.

“Ìròyìn, wá níbí. Ṣé o mọ̀ pé súwíìtì ò sí níbẹ̀ mọ́?”

“Mo mọ̀. Màmá ti gbé e sókè.”

“Kí ló wá dé tí o rò pé inú dúrọ́ọ̀ ni màá wò?”

Ìròyìn nu imú. “Ẹ ò sí nílé nígbà tí Màmá gbé e. Orí yín ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀.”

Bàbá Àga dìde. Ó wá agolo ìṣó kàn láìbìkítà fún ẹni tó ń fi òun ṣẹ̀rín. “Ẹni tí kò tíì ṣí èyí rí, kí ló máa sọ pé ó wà níbẹ̀?”

“Bísíkíìtì,” ni Ìròyìn wí, pẹ̀lú ohùn ẹni tí wọ́n fẹ́ fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. “Bàbá, ta ni kò mọ ìyẹn?”

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí wọ́n fi kárọ́ọ̀tì tàn jẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn. Ó sọ ọ́ fún awakọ̀ tó ń gbé fọ́ọ̀mù wá. Ó sọ ọ́ fún Ọ̀gá. Ó pe àna rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ariwo pé ọmọ yìí ti gbọ́n. Kárọ́ọ̀tì náà, ó jẹ ẹ́.

Kò mọ̀ pé ẹrù ọgbọ́n náà ṣì pọ̀. Kò pẹ́ tí kéèkì tí ìyá Ìròyìn gbé wá láti ibi iṣẹ́ dín kù lórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tó jẹ ẹ́. Ìròyìn, tí èérún kéèkì ṣì wà ní àgbọ̀n rẹ̀, wojú Bàbá, ó wojú Màmá, ó ní, “Bàbá ni.” Nọ́ọ̀sì sì gbà á gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá Àga búra, ó fi ọwọ́ kan àyà, ó ní kí wọ́n wo àgbọ̀n ọmọ náà. Nọ́ọ̀sì ní òun ti gbọ́ ti eku rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bá a dá sí i.

Nígbà tí Ìròyìn ń sún mọ́ ọdún mẹ́fà, ojú Bàbá Àga bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ṣe ló dà bí ìgbà tí èéfín bo gíláàsì fèrèsé. Ó nu awò ojú rẹ̀ títí, kò mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń fojú wo ìdí ènìyàn mọ èrò ọkàn wọn, báwo ló ṣe máa sọ pé òun ò rí ìdí náà dáadáa mọ́? Bó bá lu ọwọ́ ara rẹ̀ ní òòlù, á ní wọn kì í ṣe òòlù dáadáa mọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá wà nílẹ̀ láti ki òwú bọ̀, á ní, “Ìròyìn, wá kọ́ṣẹ́. Ki òwú bọ ìyẹn kí n rí i bóyá o mọ̀ ọ́n.” Ìròyìn á ki òwú bọ̀ ọ́. Kò bi í rí pé kí ló dé tí ẹ̀kọ́ kan náà ò tán.

Ó yá, àwọn nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ tí Bàbá Àga kò fi bẹ́ẹ̀ fura sí. Sísọ́ọ̀sì tó ń fi ọwọ́ wá kiri á ti wà lẹ́bàá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìṣó olórí dúdú àti olórí pupa kò dàpọ̀ mọ́ nínú àwo. Bí oníbàárà bá tẹ́ aṣọ sílẹ̀ pé kó bá òun yàn nínú wọn, Ìròyìn á dá sí i láti ibi tó wà, á ní, “Bàbá, ẹ wo aláwọ̀ ewé tí ẹ fẹ́ràn yẹn lọ́wọ́ ọ̀tún.” Bàbá Àga á na ọwọ́ sí ọ̀tún, á sì sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ ewé bí ọ̀gá.

Nígbà tó wá yé e pé Ìròyìn ló ń ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ṣé ọmọ yìí mọ̀ ni, àbí kò mọ̀? Ó gbé e jókòó síwájú, ó wo bó ṣe jókòó. Kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ó jókòó bí ọmọdé ni. Bó bá sì mọ̀, kí ló dé tí kò sọ? Ọmọ tó ti tú gbogbo àṣírí rẹ̀ látorí bísíkíìtì dórí gọ́ọ̀mù, èyí tó tóbi jù nínú wọn ló dákẹ́ sí. Bàbá Àga wá rí i pé òun ń retí kó lọ sọ ọ́ nílé ìdáná, kí ọ̀rọ̀ náà lè kúrò lọ́rùn òun. Ìròyìn kò sọ nǹkan kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá Àga gbé àpótí ìjókòó kékeré kan sáàárín ilé, ó yí ẹ̀yìn padà láti mú aṣọ, ó sì kọsẹ̀ lára àpótí náà nígbà tó ń bọ̀. Ó ṣubú gbì. Ìròyìn sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Nọ́ọ̀sì náà sáré wọlé.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Èmi ni mo gbé àpótí síbẹ̀, Màmá,” ni Ìròyìn wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Bàbá Àga gbọ́ ọ láti ilẹ̀ tó wà. Orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí dùn ún jù ú lọ.

“Irọ́ ló ń pa,” ó wí. “Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, n kò sì rí i. Ó ti pẹ́ tí n kò ti ríran dáadáa, Nọ́ọ̀sì.”

Nọ́ọ̀sì gbé e dìde, ó fi í jókòó, ó tẹ orúnkún rẹ̀ wò. “Mo mọ̀,” ó wí.

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ tí ẹ ti kí ẹ̀wù òjò mi tí mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé kí ẹ jókòó.”

Bàbá Àga rántí ọjọ́ náà. Ó ti rò pé onítọ̀hún kàn ya agbéraga ni. “Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?”

“Ẹ̀yin lẹ lojú yín. Mo ń dúró kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín. Ṣùgbọ́n mo ti bá dókítà sọ̀rọ̀ sílẹ̀.”

“Èmi náà mọ̀ pé Màmá mọ̀,” ni Ìròyìn wí.

Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

“Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún ife Bàbá kúrò níbi tí ẹ gbé e sí,” ó sọ fún Nọ́ọ̀sì. “Ni mo ṣe mọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ò mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ẹ̀yin náà ò sì mọ̀ pé mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Mo wá ní kí n kúkú dákẹ́.”

Ètè Nọ́ọ̀sì ń mì bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan.

“Tún un sọ,” ni Bàbá Àga wí nígbẹ̀yìn, “kó o rọra sọ ọ́.”

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú kan fún un, nígbà tí ìyẹn sì jinná, wọ́n ṣe ìkejì. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú aṣọ kúrò lójú rẹ̀ kẹ́yìn, ó wo ìyàwó rẹ̀ títí nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn bọ̀ wálé.

“Nọ́ọ̀sì, ewú ti pọ̀ lórí rẹ báyìí?”

“Tí a bá délé, dígí wà níbẹ̀ fún ẹ̀yin náà,” ni Nọ́ọ̀sì wí.

Nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù, eruku ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló rí àga gígùn tó bò fún ilé-ìwé Ọ̀gá kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, tí wọn ò tíì wá gbé. Aṣọ onílà pupa àti funfun ló fi bò ó. Àwọn ìlà náà dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí òjò tí atẹ́gùn ń gbá lọ sápá kan. Ó fọwọ́ pa á. Ó pe Ìròyìn.

“O rí i pé àwọn ìlà yìí wọ́?”

“Mo rí i.”

“Nígbà tí mo bò ó tán, mo bi ọ́ pé báwo ló ṣe rí. O ní ó dára.”

Ìròyìn fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ya ilẹ̀. “Ẹ ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bi mí. Inú yín dùn. N kò fẹ́ kó bàjẹ́.”

Bàbá Àga jókòó sórí àga onílà náà, àárín gbùngbùn rẹ̀ gan-an. Ó ní, “Tí mo bá tún bi ọ́ lónìí ńkọ́?”

Ìròyìn kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀, ó wò ó dáadáa, tojú-timú.

“Ó burú, Bàbá,” ó wí. “Ó burú gan-an.”

Bàbá Àga rẹ́rìn-ín. Ó mú ohun tó fi ń yọ ìṣó, ó kúnlẹ̀ jẹ́jẹ́ nítorí orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ náà láti ẹ̀yìn. Ìròyìn ń ṣa àwọn ìṣó tó ń bọ́. Nígbà tí aṣọ ti kúrò pátápátá, wọ́n tún un tẹ́ sórí fọ́ọ̀mù, Bàbá Àga di etí kan mú, ó sì yíjú sí ògiri kí ọmọ náà má baà rí ojú rẹ̀.

“Ó yá, sọ̀rọ̀,” ó wí. “Ṣé ó gún?”

“Ẹ fa tọwọ́ òsì yín wálẹ̀ díẹ̀,” ni Ìròyìn wí. “Ó ti pọ̀ jù. Ẹ dá a padà.”